Nígbà tí ènìyàn bá sọ pé òun kò gba Ọlọ́hun gbọ́, kí ni ó ń sọ gan-an?

Ẹ̀gbọ́n Ọjà-Ọba (Ìlọrin) béèrè:

Mo kí gbogbo yín, tàgbà tèwe. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú agboolé wa tí mo fẹ́ kí àwọn tó ní ìmọ̀ bá mi là yé. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí a jọ ké kéwú lọ́dọ̀ Àfáà kan náà títí tí wọ́n fi ṣe wòlímọ̀ fún wa, pe àwa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá, ó sì sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí òun kò ti gbà mọ́ pé Ọlọ́hun wà. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé òun kò fẹ́ máa dúró kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ́, kó má baà dà bí ẹni pé òun ń tàn wá.

Láti ìgbà náà ni ẹnu wa kò ti kò mọ́. Ìyá wa ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wọ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní ikú bàbá wa ló mú un bínú sí Ọlọ́hun, pé bí inú rẹ̀ bá rọ̀, yóò padà. Àbúrò bàbá wa ní kò sí ẹni tí kò gba Ọlọ́hun gbọ́ lábẹ́ ọ̀run, pé ọmọ náà kàn ń wá àyè tí yóò fi máa ṣe ohun tó wù ú ni. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka iwájú rẹ̀, ó ní kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé òun náà kò gbọ́ wa yé. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìbẹ̀rù iná nìkan ló so wá mọ́ ẹ̀sìn, àti pé kò sí ẹni tó ronú rí nínú wa.

N kò béèrè bí a ó ṣe dá a padà. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni mo ti ń béèrè ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ yín ni pé, nígbà tí ènìyàn bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni ó sọ, kí sì ni kò sọ? Mo fẹ́ kí onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ dá mi lóhùn.

Ará Gáà-Àkànbí dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀ tí ẹ fi ìbéèrè ṣáájú ìdájọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹbí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ké kéwú, n kò sì gbà pé Ọlọ́hun wà. N kò lè gbẹnu sọ fún àbúrò yín, ṣùgbọ́n mo lè sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́dọ̀ àwa tí a wà nínú rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Wọ́n bi ènìyàn bóyá Ọlọ́hun wà, ó ní òun kò rí ohun tó lè mú kí òun gbà bẹ́ẹ̀. Kò tíì sọ ohun tó rò nípa ìgbéyàwó, nípa owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀, nípa ọtí tàbí nípa ìtọ́jú ìyá tó bí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyẹn, ẹ ní láti bi í lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí aláìgbàgbọ́ méjì fi lè jókòó pọ̀ kí wọ́n má sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun mìíràn láyé.

Kódà, lórí ìbéèrè kan yẹn pàápàá, ohùn wa kò dọ́gba. Àwọn kan ń fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sí Ọlọ́hun kankan. Àwọn mìíràn ní àwọn kò sọ pé kò sí, pé àlàyé tí wọ́n ṣe fún àwọn ni kò tíì tẹ́ àwọn lọ́rùn. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní ọmọ ènìyàn kò ní ọ̀nà tó lè fi mọ̀ ọ́n rárá, irú èyí tí Thomas Henry Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, dá orúkọ sílẹ̀ fún ní ọdún 1869. Ẹnì kan náà sì lè fẹsẹ̀ kan síhìn-ín, kó fi ìkejì sọ́hùn-ún. Ní ọdún 1947, Bertrand Russell, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Ìlú Ọba, ṣàlàyé pé bó bá jẹ́ àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí ẹgbẹ́ òun ni òun ń bá sọ̀rọ̀, òun yóò ní òun kò mọ̀, nítorí pé òun kò ní ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá pé Ọlọ́hun kò sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn gbogbo ni òun ń bá sọ̀rọ̀, òun yóò ní òun kò gbà á gbọ́, nítorí pé òun kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bákan náà pé àwọn òrìṣà Gíríìkì àtijọ́ kò sí, síbẹ̀ òun kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí ohun tó ṣeé ṣe. Ẹ bi àbúrò yín pé èwo ni tirẹ̀ nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ohun tó sọ kéré sí ohun tí ẹ rò pé ó sọ.

Ní ti ìbínú, n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń bínú sí ẹni tó gbà pé kò sí. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin sẹ́yìn. Ikú bàbá lè jẹ́ ohun tó jẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tí kò béèrè rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣí ìbéèrè sílẹ̀ lọ́tọ̀, ìdáhùn tí ènìyàn bá padà rí lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ohun tó ń gbọ́ ni pé ẹ kò ka àròjinlẹ̀ rẹ̀ sí.

Ti ẹgbẹ́ òkùnkùn ló máa ń dùn mí jù, nítorí pé ó lè mú kí wọ́n ṣe ènìyàn léṣe. Ẹni tó wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti búra, ó sì gbà pé agbára àìrí kan wà tí yóò pa òun bí òun bá dalẹ̀. Ẹni tó ní òun kò gba ohun àìrí gbọ́ kò ní ohun tí yóò fi irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ní ti ẹni tó ń wá àyè láti ṣe ohun tó wù ú, ẹ wo Tai Solarin. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ pé kò gba Ọlọ́hun gbọ́, kò sì fi pamọ́ rí. Òun ló dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, tó ń kọ́ àwọn ọmọ láti fi ọwọ́ ara wọn dáko, kí wọ́n sì fi kọ́lé. Ó ta ko àwọn ìjọba ológun títí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n ní ọdún 1984. Ènìyàn lè má fara mọ́ gbogbo ohun tó sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìgbésí ayé rẹ̀ tí yóò ní ìgbádùn ló ń wá kiri.

Ẹ ti sọ̀rọ̀ kan nípa àbúrò yín tó jẹ́ òtítọ́ nípa ọ̀pọ̀ nínú wa. A máa ń rò pé ìgbàgbọ́ kò ju kí ènìyàn gba àwọn gbólóhùn kan sí òtítọ́ lọ, pé bí a bá ti tú gbólóhùn náà palẹ̀, ohun gbogbo ti tú. A kì í rí i pé ẹni tó dìde kírun àsùbáà kò dìde láti fara mọ́ gbólóhùn kan. Ó dìde láti pa májẹ̀mú mọ́ pẹ̀lú ẹni tó fọkàn tán ni, òun àti àwọn tó ti wà ṣáájú rẹ̀ àti àwọn tí yóò wá lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilori ti wá, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ̀wé tó sì dá ilé-ìwé Markaz ti Agége sílẹ̀, kì í ṣe ìlú tí a lè sọ pé wọn kì í ronú níbẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún àbúrò yín, kí ẹ ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àlhájà Sábó-Òkè dáhùn:

Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú mi dáadáa, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwà. Ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn lórí ohun tó ń ba àwa ìyá lẹ́rù. Bí mo bá fi owó pa mọ́ sí ẹnì kan lọ́wọ́, tí kò sí ẹlẹ́rìí, ohun tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé Ọlọ́hun ń wo òun. Ẹni tí kò gbà pé ẹnikẹ́ni ń wo òun, kí ni yóò dí i lọ́wọ́?

Ará Gáà-Àkànbí dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ìyá wa. Ohun tí yóò dí i lọ́wọ́ ni pé tiyín ni owó náà. Ó mọ̀ pé ẹ ó jìyà bí òun bá jẹ ẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹ jìyà. Ó ń ro orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì ń ro irú ènìyàn tó fẹ́ jẹ́. Ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń kọ́ ọmọ láti jẹ́ ọmọlúàbí kún fún irú nǹkan wọ̀nyí, àwọn Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì tó wà láàrin wa sì ń lò ó títí di òní láìsí ìjà. N kò sọ pé gbogbo aláìgbàgbọ́ ló ṣeé fi owó pa mọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn kan wà láàrin wa tí kò yẹ kí ẹ fi náírà kan sọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn ni kí ẹ fi mọ̀ wọ́n, bí ẹ ṣe ń fi ìwà mọ àwọn tí ẹ jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Àfáà Adéwọlé dáhùn:

Bísímíláàhì. Mo jẹ́ olùkọ́ kéwú, mo sì fẹ́ kí ó yé gbogbo èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mo gbà pé àṣìṣe ńlá ni àbúrò arákùnrin wa yìí ṣe, àṣìṣe tí mo ń bẹ Ọlọ́hun pé kó má jẹ́ kó bá a dé sàréè. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò gbà wá láàyè láti pa irọ́ mọ́ ẹni tó ṣàṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Nínú Àlùkùránì Alápọ̀nlé, Súrà karùndínláàádọ́ta, ìyẹn Játhíyà, áyà 24, Ọlọ́hun sọ ọ̀rọ̀ àwọn kan tí wọ́n ní kò sí ohun kan bí kò ṣe ìgbésí ayé yìí, à ń kú, à ń yè, kò sì sí ohun tó ń pa wá bí kò ṣe ìgbà tó ń lọ. Àwọn onímọ̀ wa pe irú wọn ní Dahriyya, Imam al-Ghazali, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn wa láyé àtijọ́, sì dárúkọ wọn nínú ìwé tó fi sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wá òtítọ́ kiri. Ẹ wo ohun tí áyà náà ṣe: ó gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kó tó dá wọn lóhùn, pé wọn kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, àbá lásán ni wọ́n ń dá. Kò ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n wọ̀. Bí Ọlọ́hun bá lè jẹ́ kí ẹni tí kò gba Òun gbọ́ parí gbólóhùn rẹ̀, kò yẹ kí àwa já a gbà lẹ́nu rẹ̀.

Sí ìyá yín tó ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ọmọ òun wọ̀, bí ẹni pé Èṣù ló ń sìn, ẹ jẹ́ kí n fi Ìbílíìsì fúnra rẹ̀ ṣàlàyé. Ìbílíìsì kò ṣiyèméjì rí nípa wíwà Ọlọ́hun. Ó bá Ọlọ́hun sọ̀rọ̀, ó pè É ní Olúwa, ó sì tọrọ pé kí a lọ́ òun lára di ọjọ́ àjíǹde. Ìgbéraga àti àìgbọràn ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ pé Ọlọ́hun wà tó sì kọ ẹ̀yìn sí I yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ó wà. Méjèèjì kò dára lójú ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n oògùn tí ènìyàn ń lò fún ọ̀kan kì í wo èkejì.

Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá yín ní ìdí nínú ẹ̀sìn, n kò fẹ́ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. A gbà pé orí fítírà ni a ń bí gbogbo ọmọ, pé ìdá tí Ọlọ́hun dá ènìyàn ń fà á sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Súrà Rúúmù, áyà 30, sọ ọ́. Ṣùgbọ́n fítírà lè bò mọ́lẹ̀, ẹni tó bò mọ́lẹ̀ lára rẹ̀ sì lè má mọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ náà bá ní òun kò rí ohun kan nínú ọkàn òun, a lè sọ pé ìbòjú wà, ṣùgbọ́n fítírà kò fún wa ní àṣẹ láti sọ pé irọ́ ló ń pa. Ibi tí àbúrò bàbá yín ti kọjá ààlà nìyẹn.

Ẹ tún jẹ́ kí a ya iyèméjì sọ́tọ̀ kúrò lára kíkọ̀. Ó wà nínú hádíìsì tí Ìmáàmù Muslim gbà wá pé àwọn sàábé kan, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), wọ́n ní àwọn ń rí èrò kan nínú ọkàn àwọn tó wúwo ju kí àwọn fi ẹnu sọ ọ́ lọ. Kò lé wọn. Ó ní ìgbàgbọ́ tó hàn gbangba nìyẹn. Al-Ghazali náà sọ pé nǹkan bí oṣù méjì ni òun fi wà nínú iyèméjì tó mú kí òun má lè fọkàn tán ojú òun tàbí làákàyè òun. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó bi Àfáà ní ìbéèrè kan, tí wọ́n pè é ní kèfèrí ní gbangba nítorí ìbéèrè náà, tó sì jẹ́ pé láti ọjọ́ yẹn ló ti lọ. Ìkìlọ̀ wà nínú hádíìsì pé ẹni tó bá pe arákùnrin rẹ̀ ní kèfèrí, ọ̀rọ̀ náà yóò padà sórí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ẹ bi ọmọ náà jẹ́jẹ́ bóyá iyèméjì ni tàbí ó ti pinnu, nítorí pé ìdáhùn tó bá fọ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀. Òfin ẹ̀sìn kò jẹ́ kí Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí jogún ara wọn, ọ̀rọ̀ yìgì àti ìsìnkú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ tí wọ́n fi ń dákẹ́ tí wọ́n sì ń kírun láìní ìgbàgbọ́, èyí tí ẹ̀sìn kò fẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́ dáhùn:

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Oníṣẹ̀ṣe ni mí, ní Àjàṣẹ́-Ìpó. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí kò gbàgbọ́ ní agbègbè wa, wọ́n máa ń kó èmi àti àwọn bíi àbúrò yín pọ̀ sínú àpò kan. Mo gba Olódùmarè gbọ́, mo ń bọ òrìṣà, mo gbà pé àwọn baba ńlá mi ń gbọ́ mi. Ẹni tó ní kò sí ohun àìrí kankan ń ta ko èmi gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ta ko Àfáà. Àwa méjèèjì kò jọ ara wa rárá, àfi ti pé a kò sí nínú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ìyá Ìjọ Òmù-Àrán dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àfáà fún ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Ìbílíìsì, nítorí pé ohun kan náà ni Jákọ́bù kọ sí wa ní orí kejì, ẹsẹ 19, pé àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá gbàgbọ́, wọ́n sì wárìrì.

Ní tiwa, ẹsẹ tí a máa ń kọ́kọ́ jù lu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ti Sáàmù kẹrìnlá, pé aṣiwèrè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé Ọlọ́run kò sí. Mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ lọ́pọ̀ ìgbà, inú mi kì í sì í dùn sí bí a ṣe ń lò ó. Ẹ ka Sáàmù náà síwájú. Àwọn tó ń hùwà ìbàjẹ́, tí wọ́n ń jẹ àwọn ènìyàn Ọlọ́run bí ẹni jẹun, tí wọ́n sì ń dójú ti àwọn tálákà, ló ń bá wí. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì fa ọ̀rọ̀ náà yọ ní Róòmù orí kẹta, kò fi ṣe òkò fún àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó lò ó fún Júù àti Gíríìkì, fún gbogbo wa, pé kò sí olódodo kankan, kò sí ẹnì kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ yẹn nàka sí ọmọ ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ rí i pé ó nàka sí òun náà.

Ní ti ìbínú, Jóòbù bínú sí Ọlọ́run. Ó gégùn-ún fún ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó sì ní kí Ọlọ́run wá bá òun ro ẹjọ́. Kò sí ìgbà kankan tó sọ pé Ọlọ́run kò sí. Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú Ará Gáà-Àkànbí pé ìbínú àti àìgbàgbọ́ kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń bínú sí Ọlọ́run ló fọkàn tán An jù.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin tí ẹ kò gbàgbọ́. Ẹ máa ń sọ pé iyèméjì jẹ́ tiyín, ìdánilójú sì jẹ́ tiwa, bí ẹni pé ẹni tó ń gbàdúrà kò mọ òkùnkùn. Nínú Ìhìn Rere Máàkù, orí kẹsàn-án, bàbá tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá sunkún sí Jésù pé, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́. Jésù kò ní kó lọ tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe kó tó padà wá. Ó wo ọmọ náà sàn. Àwọn obìnrin tí mo ń bá gbàdúrà nínú ìjọ wa, tí wọ́n ti sin ọmọ, tí wọ́n ti dúró de ohun tí kò dé, ló ń gbé pẹ̀lú gbólóhùn yẹn lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ bá sọ fún wọn pé ẹ ti rí ìṣòro tí wọn kò rí, ẹ kò mọ̀ wọ́n rárá. Wọ́n rí i kí wọ́n tó bí yín.

Ará Gáà-Àkànbí dáhùn:

Ìyá, mo gbọ́, n kò sì ní àtakò sí i.

Olùkọ́ Ọ̀fà dáhùn:

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ìtàn ni n ó fi kún un. Ẹ̀sùn àìgba-Ọlọ́run-gbọ́ ti já lé ọ̀pọ̀ èèyàn lórí tí kò tọ́ sí. Ní ọdún 399 kí a tó bí Jésù, àwọn ará Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì dá ẹjọ́ ikú fún Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí, bẹ́ẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀ ohùn ọ̀run kan tó máa ń dá òun dúró. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn Jésù, àwọn Kírísítẹ́nì ni àwọn ará Róòmù ń pè ní aláìgba-ọlọ́run-gbọ́, nítorí pé wọn kò rúbọ sí òrìṣà ìlú. Nígbà tí wọ́n mú Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, wọ́n ní kó sọ pé kí a mú àwọn aláìgbọlọ́run-gbọ́ kúrò, kí wọ́n lè dá a sílẹ̀. Àwọn Kírísítẹ́nì ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Justin, tó kọ̀wé sí ọba Róòmù láti gbèjà àwọn Kírísítẹ́nì, gbà pé ní ti irú àwọn ọlọ́run bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni pé àwọn kò gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn gba Ọlọ́run òtítọ́ gbọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní yára gbà pé ẹni tí ìlú fi ẹ̀sùn náà kàn ti di ọ̀tá ìlú.

Nítòsí wa níbí, ọ̀rọ̀ Mubarak Bala ti Kánò yẹ kó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2014, nígbà tó sọ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n mú un nítorí ọ̀rọ̀ tó kọ sí Facebook nípa ẹ̀sìn, ilé ẹjọ́ sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 24 ní ọdún 2022. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní ọdún 2024, ó sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó kọ dun àwọn Mùsùlùmí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò dùn wọ́n. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni ti ọdún 2014, kí ọ̀rọ̀ Facebook tó dé rárá: ẹbí kò mọ ohun tí wọn yóò pe ohun tí ọmọ wọn sọ, wọ́n bá pè é ní wèrè. Ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ìyá yín ń sọ kò jìnnà sí ìyẹn.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999, ní abala 38, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí èrò ọkàn, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Ní ilé ẹjọ́ pàápàá, ẹni tí kò fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra lè fi ẹnu lásán jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òtítọ́ ni òun yóò sọ, bó bá sì purọ́, ìyà tó wà fún ẹni tó búra ló wà fún òun náà. Àlhájà, mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ọjà-Ọba dáhùn:

Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san rere. Mo ti bi àbúrò mi ní ìbéèrè tí Àfáà àti Ará Gáà-Àkànbí ní kí n bi í. Ó ní òun kò sọ pé òun lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ọlọ́hun kò sí. Òun ti wá a, òun kò rí i, àti pé òun kò lè sọ pé òun rí ohun tí òun kò rí. Ìyá wa jókòó tì wá nígbà tó ń sọ ọ́. Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò tún dárúkọ ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ́.

Ohun kan ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Bí ìyá wa bá ṣàdúrà fún un ní òwúrọ̀, ó máa ń dákẹ́. Ó ní bí òun bá ṣe àmín, irọ́ ni òun pa. Ìdákẹ́ yìí ń gún ìyá wa lọ́kàn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ lọ. Kí ni ẹ rí sí i?

Ará Gáà-Àkànbí dáhùn:

Èmi máa ń ṣe àmín fún ìyá mi. Ó mọ̀ pé n kò gbàgbọ́, mo sì mọ ohun tó ń fẹ́ fún mi: kí n padà wálé láyọ̀, kí ọkọ̀ má dànù, kí iṣẹ́ mi yọrí. Ohun tí mò ń ṣe àmín sí ni ìfẹ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tí mo tàn nínú àwa méjèèjì, n kò rí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá nira fún àbúrò yín, kó máa sọ pé "ẹ ṣeun, ìyá mi". Kó má ṣáà dákẹ́.

Àfáà Adéwọlé dáhùn:

Lójú ẹ̀sìn, àmín jẹ́ ìtọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, n kò sì lè gba ẹni tí kò gbà pé Ó wà níyànjú pé kó máa fi ẹnu ṣe é. Ó dára tí ọmọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Mo fara mọ́ "ẹ ṣeun". Kó fi ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ kún un bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí pé Àlùkùránì ní bí òbí ẹni kò bá tilẹ̀ sí lórí ẹ̀sìn kan náà pẹ̀lú ẹni, kí a bá wọn gbé pẹ̀lú dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kí òbí ṣe fún ọmọ. Kí ìyá yín má dá àdúrà rẹ̀ dúró. Ẹ sọ fún wọn pé kò di dandan kí ẹni tí a ń ṣàdúrà fún ṣe àmín kí Ọlọ́hun tó gbọ́.